Kẹ́ẹ̀gì Ìkùnsínú

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀la ni yóò pé ọdún kan gbáko tí ẹ ti lọ. Ọ̀sán Sátidé nìyí, mo jókòó sórí àga onígi yín lábẹ́ igi máńgòrò tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gé, mò ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò lè kà á. Inú ń bí mi, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀, kí ẹ má baà rò pé lẹ́tà dáadáa ni mo jókòó kọ.

Pásítọ̀ yín ti pè mí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti ọjọ́ Ajé. Ó fẹ́ kí n jáde síwájú ìjọ lọ́la, nígbà ìsìn ìdúpẹ́, kí n gba makirofóònù, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ayé tí ẹ gbé, kí n sì sọ bí ẹ ṣe jẹ́ ẹni tó máa ń dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Wọ́n ti yan orin tí wọ́n máa fi sìn mí jáde. Gbogbo ìgbà tó bá pè ni mo máa ń sọ pé màá pè é padà, mi ò sì pè é. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ṣé kí n sọ pé ọpẹ́ yín ló pa yín?

Mo ti kọ ọ́ ná. Bírò ni mo fi kọ ọ́, kò ṣeé pa rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ilé fún yín. Inú ilé yín la wà báyìí, èmi àti ọkọ mi àti àwọn ọmọ méjèèjì. Lánlọ́ọ̀dù wa ní Èkó fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó sínú ilé, la bá palẹ̀ ẹrù mọ́, a wá sí Mowe. Títì tí ẹ ní ìjọba máa tó ṣe nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gírámà, kò tíì di títì. Tí òjò bá rọ̀, inú náílọ́ọ̀nù ni mo máa ń gbé bàtà iṣẹ́ mi sí, màá fi sílípáàsì rìn gba inú ẹrẹ̀ dé ọ̀nà márosẹ̀. Tiransifọ́mà àdúgbò ti kú láti oṣù tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ò ṣiṣẹ́, okùn àti korobá ni a tún padà sí. Ògiri kíṣìnnì yín wọ́, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni kí ẹ má wo ògiri rẹ̀, ẹ kọ́ tiyín wọ́, kọ́bọ́ọ̀dù mi ò fara ti ògiri dáadáa, gbogbo ṣíbí ló ń já sẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa ṣe ká ní ẹ wà níbí. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ kankan. Ẹ máa kàn na ìka sí kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tó wà lẹ́bàá kànga.

Ṣé ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀? Èmi rántí. Màmá ti kú ní nǹkan bí ọdún kan, èmi àti ẹ̀yin nìkan la kù nínú yàrá méjì tí ẹ ti kan òrùlé rẹ̀ tí ẹ ò tíì rẹ́. Bíríkìlà tó ti Ọ̀yọ́ wá, tó ń kọ́ ilé onílé káàkiri láti Ibafo dé Ifọ̀, tí tirẹ̀ ò sì parí. Ẹ máa ń ráhùn nígbà náà, Bàbá, kí n má purọ́ fún òkú. Tí ẹ bá lọ kí ènìyàn, kí ẹ tó kí onílé tán ni ẹ ti rí i pé ògiri rẹ̀ wọ́. Iyọ̀ pọ̀ jù, iyọ̀ ò tó. Òòrùn mú jù, òjò fẹ́ ba búlọ́ọ̀kù jẹ́. Nígbà tí ẹ di àtúnbí, mo rò pé yóò dín kù, àfi bí ẹ tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lórí bí ìjọ ṣe to búlọ́ọ̀kù ilé ìjọsìn wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni pásítọ̀ wàásù lórí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, bí wọ́n ṣe kùn sí Ọlọ́run nínú aginjù títí ìrìn ọjọ́ díẹ̀ fi di ogójì ọdún mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ ò sọ nǹkan kan bí a ṣe ń rìn bọ̀ wálé, mi ò rí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ lára yín rí. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ṣòfin. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá kùn nínú ilé yìí yóò pọn omi kẹ́ẹ̀gì kan, yóò sì gbé e lọ fún Ìyá Wàsíù, opó tó wà nílé kejì, tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún tí kò lè fa omi mọ́. Bí ẹ ṣe ṣòfin yẹn tán, ẹ fi kún un pé ìwàásù náà dára, àmọ́ pásítọ̀ ti fà á gùn jù. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu yín. Ẹ wò mí, mo wò yín. Ẹ bọ́ ẹ̀wù ìjọsìn yín sílẹ̀, ẹ lọ pọn omi.

Dírọ́ọ̀mù Ìyá Wàsíù ò gbẹ ní gbogbo ọdún yẹn. Ó ń kún, ó ń ṣàn sílẹ̀, ewúrẹ́ àdúgbò ń mu níbẹ̀. Ẹ tún sọ ọ́ di pé ti ẹnu nìkan kọ́, ti inú náà wà níbẹ̀. Èmi, ẹ ò lè rí inú mi, mo bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ojú kùn. Àmọ́ ẹ̀yin ń ṣọ́ ara yín bí ẹni ń ṣọ́ olè. A máa jókòó ti oúnjẹ, ẹ máa ṣàdédé dìde, ẹ máa gbé kẹ́ẹ̀gì, ẹ ò sì ní sọ ìdí. Mo máa mọ̀ pé ọbẹ̀ mi ni.

Ìyá Wàsíù rò pé sàráà ni. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún un. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, yóò ní kí Ọlọ́run gbà á, kí ó sì fi tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè màmá mi. Ẹ máa ṣe àmín, ẹ ò ní lè wo ojú rẹ̀. Bí a bá ti wọlé, a máa rẹ́rìn-ín títí. Kò sí ìgbà tí mo fẹ́ràn yín tó ìgbà yẹn.

Lẹ́yìn náà ni òfin yẹn wá ṣiṣẹ́ jù. Díẹ̀díẹ̀ ni ìráhùn kúrò lẹ́nu yín, tí "ọpẹ́ ni" gba ipò rẹ̀. Mo gbòdo nínú ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, ọpẹ́ ni. Àwọn olè kó sìmẹ́ńtì tí ẹ fẹ́ fi rẹ́ ilé, ọpẹ́ ni, wọ́n fi yanrìn sílẹ̀. Ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ fẹ́ já mi jù sílẹ̀, mo sunkún wálé, ọpẹ́ ni. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń sú mi tó? Ènìyàn á gbé ìbínú rẹ̀ wá sílé bàbá rẹ̀, kò ní rí ẹni bá a bínú. Ìjọ ń yìn yín, wọ́n ń fi yín ṣàpẹẹrẹ. Èmi kàn fẹ́ kí ẹ sọ pé nǹkan yìí dùn yín, lẹ́ẹ̀kan péré.

Nígbà tí mo lọ sí Èkó, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pè yín. Mo máa béèrè bí ara ṣe rí, ọpẹ́ ni. Ṣé ẹ jẹun? Ọpẹ́ ni. Ìgbà tí mo wá kí yín ní ọdún tuntun, sílípáàsì lẹ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní bàtà ṣọ́ọ̀ṣì yín ti há. Mo gbà. Mo ní láti sọ èyí náà: ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà. Ká ní mo bi yín síwájú sí i, màá gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ní Ìkẹjà, mi ò fẹ́ tọrọ àyè. Láti ìgbà yẹn títí ẹ fi ṣubú, mi ò tún wá.

Ọ̀kan nínú àwọn ará ìjọ ló pè mí pé ẹ ṣubú sójú ọ̀nà. Mo bá yín ní ọsibítù, ẹsẹ̀ yín wú débi pé wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ṣòkòtò yín. Dókítà ní kíndìnrín méjèèjì ni, ó ti pẹ́ lára yín. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì gbàgbé láti ọdún kan yìí. Ó ní, "Ṣé bàbá yín ò ráhùn nǹkan kan rárá ni?"

Mo ní rárá. Bàbá mi kì í ráhùn. Bí mo ṣe sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé mò ń fi yín yangàn, mo sì rí i lójú dókítà náà pé àánú mi ń ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ.

Ẹ wá rí ohun tó dé tí mi ò lè gba makirofóònù. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti sọ nínú ìjọ pé kí á gbé ọwọ́ sókè kí á dúpẹ́, mo máa tẹ̀ ba, mo máa wá nǹkan tí kò sọnù nínú báàgì mi. Bí ọkọ mi bá dúpẹ́ sórí oúnjẹ, mo máa ń ka táìlì ilẹ̀. Mo sì ti wá mọ ìráhùn dáadáa. Ẹ bi àwọn ọmọ mi léèrè. Mò ń ráhùn lórí ẹrẹ̀, lórí iná, lórí jẹnẹrétọ̀ ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé, lórí ọkọ mi tó ń súfèé. Kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi láyé pé kí n dákẹ́, nítorí mo ti rí ibi tí ìdákẹ́ gbé ẹnìkan dé.

Bí mo ṣe wà nìyẹn títí di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ kí n lè tún ilé ṣe de àwọn àlejò. Mò ń fa omi, okùn ń gé mi lọ́wọ́, mò ń ráhùn jáde kíkankíkan, mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ń gbọ́. Ni Ìyá Wàsíù bá pè mí láti òdìkejì fẹ́ǹsì. Ó ti darúgbó gan-an, Bàbá, orúkọ mi nìkan ló pè ketekete. Mo lọ, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí dírọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbígbẹ ni, aláǹtakùn ti ta sínú rẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo bí o ṣe ń kùn láti àárọ̀ yìí, omi mi dà?"

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ì bá tún sọ fún mi? Bàbá ẹ ni."

Ó wá ròyìn fún mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí mo ti mọ̀. Ó ní lẹ́yìn àwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún tó kọjá ni, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òróró kékeré kan wá lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kì í ṣe ti ńlá aláwọ̀ ìyeyè mọ́, ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ yín. Ó ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí báyìí kò gbọ́dọ̀ ṣe sàráà omi mọ́, Ọlọ́run ti rí ti tẹ́lẹ̀. Ni ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́wọ́ fún un pé kì í ṣe sàráà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, owó ìtanràn ẹnu yín ni. Ó ní òun rẹ́rìn-ín títí òun fi di ògiri mú. Gbogbo àdúrà tí òun ti fi ṣòfò lé ìkùnsínú onígbàgbọ́ lórí.

Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, ó ní ẹ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì náà, ẹ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ yín. Oorun tí ẹ ò rí sùn. Ìtọ̀ tó ń hó. Èémí tí kì í délẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, ẹ ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kékeré, ẹ máa ráhùn gbogbo rẹ̀ tán, ẹ máa da omi náà sínú dírọ́ọ̀mù, ẹ máa dìde, ẹ máa ní ó ku kí ẹ lọ dúpẹ́.

"Ẹ̀rù ń bà á, ọmọ mi," ohun tó sọ nìyẹn. "Ẹ̀rù ń bà á gan-an ni."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ní kí ẹ pè mí. Ó ní òun sọ ọ́ títí ó fi sú òun, àmọ́ ẹ ní mi ò tíì lo oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dán mi wò lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá gbọ́, màá fi sílẹ̀. Ẹ fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ pé kó má pè mí. Mo wá béèrè ohun tí ó yẹ kí n gbójú fò. Mo bi í bóyá ẹ ráhùn nípa mi rí.

Ó wo ojúde. Mo tún béèrè. Ó ní, "Ó ní o kì í wá. Ọjọ́ yẹn, kẹ́ẹ̀gì méjì ló gbé."

Bàbá. Ẹ fi ẹsẹ̀ tó wú rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹ sọ òótọ́ kan nípa mi. Ta ló ní kí ẹ san nǹkan kan lórí ìyẹn? Ṣé irọ́ ni? Mi ò wá. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pariwo rẹ̀ sí mi létí lórí fóònù, kí n bínú, kí n wọkọ̀ ìbínú wá sí Mowe, kí n wá rí ẹsẹ̀ yín. Ẹ gbé ìráhùn fún aládùúgbò, ẹ gbé ọpẹ́ fún ọmọ. Èmi ló yẹ kó gba ìráhùn yẹn. Tèmi ni. Ẹ ṣì mí lọ́nà, mo sì jẹ́ kí ẹ ṣì mí lọ́nà, ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá àtúnṣe.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń bínú sí yín bí ẹni tó ṣì wà láyé. Mo máa dá gbólóhùn kan sílẹ̀ nínú kíṣìnnì, ọkọ mi á yọjú wá wo ẹni tí mò ń bá jà. Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò lè sẹ́. Láti ọdún kan ni mo ti rò pé ọpẹ́ kàn ń jáde lẹ́nu yín bí omi ẹ̀rọ, tí kò ná yín ní nǹkan kan. Mi ò mọ̀ pé kànga lẹ ti ń fà á. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín ní àràárọ̀, tí ẹ ń sọ ọ́ síta, kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ máa gbé lọ bá Ọlọ́run. Ìyẹn, mo lè bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí kì í bẹ̀rù tó ń dúpẹ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, mo mọ̀ yín. Bàbá mi tó máa ń rí ògiri tó wọ́ ni.

Mo gbé bírò sílẹ̀ níbí, mo pe pásítọ̀ padà. Màá jáde lọ́la. Mo ní kí wọ́n má fi orin gígùn sìn mí. Màá sọ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì fún wọn, gbogbo rẹ̀, àti ti bẹ́ǹṣì náà. Màá sọ pé bàbá mi ráhùn lójoojúmọ́ títí ọjọ́ tó ṣubú, ó sì dúpẹ́ lójoojúmọ́ náà, àti pé àṣìṣe kan ṣoṣo tó ṣe ni pé kò jẹ́ kí n gbọ́ apá kan. Màá sọ fún àwọn àgbàlagbà tó wà níjókòó pé bí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n, kí wọ́n sọ fún ọmọ wọn kí wọ́n tó sọ pé ọpẹ́ ni. Bí ìyẹn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá na ìka sí kẹ́ẹ̀gì.

Lẹ́yìn náà, màá dúpẹ́. Kì í ṣe fún ikú yín, n kò tíì débẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé n kò ní débẹ̀ láé. Màá dúpẹ́ pé bẹ́ǹṣì kan wà, ẹnìkan sì jókòó tì yín lórí rẹ̀. Mo ti wá a káàkiri inú mi fún ọjọ́ méjì, ìyẹn nìkan ni mo rí tí mo lè sọ níwájú Ọlọ́run láìpurọ́. Mo sì ti ní kí Ìyá Wàsíù wá jókòó síwájú. Ó ní òun ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé òun, àmọ́ òun máa jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà.

Mo tún lẹ́tà yìí kà láti òkè kí n lè mọ iye ìgbà tí mo kùn. Nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣíwọ́ kíkà. Mo dìde, mo nu òwú aláǹtakùn kúrò nínú dírọ́ọ̀mù Ìyá Wàsíù, mo sì ti ń pọn omi láti ìgbà náà, mò ń wá jókòó láti kọ ìlà díẹ̀ ní àárín. Ọwọ́ mi ti bó. Dírọ́ọ̀mù ti kún kọjá ìdajì. Ìyá Wàsíù ń wò mí, kò sì ṣàdúrà kankan lé e lórí. Ó ti gbọ́n.

Ohun kan ni ẹ ò ṣòfin lé lórí nígbà ayé yín, mi ò sì mọ ẹni tí màá bi. Àárò yín ń sọ mí, Bàbá. Bí mo bá ń fa okùn, ó ń sọ mí. Bí mo bá rí ògiri kíṣìnnì yẹn, ó ń sọ mí débi pé mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Ṣé ìkùnsínú nìyẹn? Ṣé ó wà lára èyí tí ènìyàn ń gbé omi fún?

Mi ò mọ̀ ọ́n. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo gbé fún ìyẹn.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti wálé, tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín.